Íápíìsì Bàbá Kò Ní Kí Gbogbo Ilé Dákẹ́

Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp pé tí ẹ bá so íápíìsì Bluetooth mọ́ tẹlifíṣọ̀n fún bàbá tí etí wọn kò gbọ́ dáadáa mọ́, àwòrán lásán ni àwọn yòókù yóò máa wò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n máa ń pa sípíkà rẹ̀ tí Bluetooth bá ti wọlé. Àmọ́ nínú Settings ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n Samsung, lábẹ́ Accessibility, ẹ ó rí Multi-output Audio, ètò tó ń jẹ́ kí sípíkà àti íápíìsì dún pọ̀; àwọn LG kan náà sì ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo módẹ́ẹ̀lì o! Kí ẹ tó sanwó tẹlifíṣọ̀n, ẹ ní kí ọlọ́jà tan án, kí ẹ so íápíìsì tiyín mọ́ ọn lójú rẹ̀, kí ẹ wá tẹ́tí sí sípíkà. Wáàtì gìrìwò (agbára sípíkà) tó wà lára páálí kò kan èyí rárá.