Rọ́bọ́ọ̀tì tó ń di mọ́tò fún ọmọ ọdún mẹ́rin: èwo ni kí n rà?

Ìyá Dámi: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Dámi máa pé ọdún mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Rọ́bọ́ọ̀tì tó ń di mọ́tò, àwọn Transformers yẹn, ló ń sọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo rí méjì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀. Ọ̀kan wà nínú páálí tó dáa, wọ́n kọ Hasbro, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, sí i lára, owó ẹ̀ sì tó ìlọ́po mẹ́rin tèkejì. Èkejì wà nínú ọ̀rá, kò lórúkọ, òórùn ọ̀dà ń jáde lára ẹ̀. Èwo ni kí n rà? Ẹni tó bá ti ra irú ẹ̀ rí ni kó dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́.

Bàbá Akin: Ẹ ra bàtà fún un.

Ìyá Dámi: Ó ní bàtà, sà. Ọjọ́ ìbí ẹ̀ la fẹ́ ṣe.

Ṣadé Àkúrẹ́: Òórùn ọ̀dà kẹ̀? Ohun tó bá ń rùn báyẹn, ẹnu lọmọ máa fi í sí. Ẹ má mú un wọlé rárá.

Ọjà Ìdúmọ̀tà: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ohun ìṣeré ọmọdé ni mò ń tà. Ẹ yí páálí yẹn sẹ́yìn, ẹ wo ọjọ́ orí tí wọ́n kọ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ 8+, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Àwọn yẹn ní oríkèé rẹpẹtẹ: ilẹ̀kùn mọ́tò á ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́, bọ́nẹ́ẹ̀tì á wá sílẹ̀ di àyà, orí á yọ lábẹ́ ẹ̀, ẹ̀yìn mọ́tò á là sí méjì di ẹsẹ̀. Àgbàlagbà gan-an ń wo ìwé kó tó rí i ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́rin ò ní wo ìwé. Fífà ló máa fà á, èjìká ló sì máa ń kọ́kọ́ yọ. Hasbro ṣe irú tọmọ kékeré, Rescue Bots ni wọ́n ń pè é, àwọn rọ́bọ́ọ̀tì agbanilà bíi panápaná, ọmọ ọdún mẹ́ta sí méje ni wọ́n ṣe é fún. Ó ki, ó kún ọwọ́, kò ní wàhálà àtiyí. Tinú ọ̀rá yẹn, mo ń ta irú ẹ̀, mi ò sì ní purọ́ fún yín: kì í pẹ́ tó fi ń ṣẹ́.

Adébárí: Nígbà tiwa, agolo sàdíìnì la fi ń ṣe mọ́tò. Ìdérí kóòkì ni táyà, a ó so okùn mọ́ ọn nímú, a ó máa wọ́ ọ kiri àdúgbò. Kò sẹ́ni tó náwó. Kí la fẹ́ fi ohun òyìnbó ṣe?

Àdùkẹ́ Peckham: Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe òyìnbó ló kọ́kọ́ ṣe é. Ará Japan ni. Ilé iṣẹ́ Takara ló ń ṣe rọ́bọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní Diaclone àti Micro Change, ni Hasbro ti Amẹ́ríkà bá lọ gba àwọn rọ́bọ́ọ̀tì náà lọ́wọ́ wọn, ó fún wọn lórúkọ àti ìtàn, ó gbé wọn jáde ní 1984.

Adébárí: Agolo sàdíìnì lèmi ń sọ.

Àdùkẹ́ Peckham: Ṣé Ìbàdàn ni wọ́n ti pa ẹja inú ẹ̀ ni? Morocco ni wọ́n ti ń di í wá. Etí agolo yẹn gé àtàǹpàkò mi nígbà tí mo wà ní kékeré, àpá ẹ̀ wà níbẹ̀ dòní. Mi ò ní gbé e fọ́mọ kankan.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Ìyá Dámi, ẹ wo ibi tí bátìrì wà. Tí rọ́bọ́ọ̀tì yẹn bá ń tàn tàbí tó ń sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bátìrì pẹlẹbẹ, roboto bíi bọ́tìnnì, ló wà nínú ẹ̀. Kí wọ́n ti fi síkúrù dé e pa. Tọ́mọ bá gbé e mì tó sì há sọ́nà ọ̀fun, láàárín wákàtí méjì ó lè ti jó ibẹ̀. Ẹ má dúró wò ó o, ilé ìwòsàn lẹ máa sáré gbé e lọ. Gbogbo ohun tó bá sì lè gba inú páálí roboto tí wọ́n ń wé tíṣù mọ́ kọjá, ó lè há ọmọ kékeré lọ́fun. Ẹ fi páálí yẹn wọn apá àti ìbọn kéékèèké tó bá bá a wá.

Bàbá Akin: Bàtà ò ní bátìrì.

Ṣadé Àkúrẹ́: Bàbá Akin, bàtà tó ń tanná wà níta báyìí!

Ìyá Ìbejì: Ọkọ tèmi náà ń yí padà o. Tó bá ti gbọ́ "owó ọbẹ̀", á di mọ́tò, á gba ẹnu géètì jáde.

Ṣadé Àkúrẹ́: Yéè! Tèmi á di ẹni tó ń sùn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ wo ẹ̀yìn páálí ẹ̀, 40+ ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Káyọ̀dé Ṣágámù: Ẹ ra Bumblebee fún un, ọ̀kan nínú àwọn Transformers yẹn ni. Òun ló máa ń di Volkswagen ìjàpá. Ọmọ máa fẹ́ràn ẹ̀.

Lékan Òde: Bumblebee kì í ṣe ìjàpá. Camaro ni, mọ́tò Chevrolet yẹn. Mo wo fíìmù.

Káyọ̀dé Ṣágámù: Fíìmù 2007 lo wò, àbúrò. Ní 1984 tó kọ́kọ́ jáde, ìjàpá ni, aláwọ̀ òféèfèé. Nínú fíìmù tó jáde ní 2018, wọ́n dá a padà sí ìjàpá.

Lékan Òde: Ta ni àbúrò ẹ? Mo bí ọmọ mẹ́ta.

Káyọ̀dé Ṣágámù: Ọmọ bíbí ò sọ Camaro di ìjàpá.

Lékan Òde: Mo ní ta ni àbúrò ẹ? Èèyàn ò lè sọ̀rọ̀ níbí kí wọ́n má gbà á mọ́ ọn lẹ́nu? CAMARO NI.

Àdùkẹ́ Peckham: Ẹ̀gbọ́n Lékan, ẹ má bínú, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìjàpá ni ti 1984.

Lékan Òde: Ẹ ti kó ara yín jọ. Ọmọ mi ní Camaro yẹn nílé, aláwọ̀ òféèfèé, ilà dúdú méjì lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ojú mi ló ń tàn mí?

Káyọ̀dé Ṣágámù: Kò sẹ́ni tó ní kò sí Camaro. Èyí tó ṣáájú là ń sọ. Ìjàpá ni bàbá mi fi kó gbogbo wa lọ sílé ìwé, Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti tò ó pọ̀. Ní 1975 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n lójú ọ̀nà Àgbádárìgì nígbà yẹn. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn, kò lo omi, kì í hó lórí òkè. Ìdí tí mo fi ní kí Ìyá Dámi ra ìyẹn nìyẹn, kọ́mọ mọ mọ́tò tí bàbá àgbà ẹ̀ wà.

Adébárí: Ẹ tún ti sọ òótọ́ kan. Ìjàpá! Ariwo ẹ̀ lásán, èèyàn á ti mọ̀ pé tíṣà ń bọ̀.

Ìyá Ìbejì: Bàbá mi so tiwa mọ́ ìdí ọsàn nígbà tí bíréèkì ẹ̀ já.

Lékan Òde: Camaro.

Ìyá Dámi: Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Ọjà Ìdúmọ̀tà, Rescue Bots yẹn, ṣé ó wà lọ́wọ́ yín? Nọ́ọ̀sì, mo ti gbọ́ ti bátìrì. Ṣùgbọ́n Dámi ní òun ò fẹ́ panápaná, ó ní dandan òun máa gba Optimus Prime, olórí wọn tó ń di ọkọ̀ akẹ́rù pupa yẹn. Ṣé ti kékeré wà?

Bàbá Akin: Ọmọ ọdún mẹ́rin ló ń sọ "dandan" fún yín? Ẹ RA BÀTÀ, MÀDÁÀMÙ.

Káyọ̀dé Ṣágámù: Lékan, mo fi àwòrán ti 1984 ránṣẹ́ sí ẹ. Wò ó.

Lékan Òde: Mi ò ṣí i. Kọ́kọ́ dáhùn ọ̀rọ̀ àbúrò yẹn.

Káyọ̀dé Ṣágámù: Ọdún wo ni wọ́n bí ẹ?

Lékan Òde: Ṣé ìwọ ló máa sọ mí lórúkọ ni?

Adébárí: Ẹ dákun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ìjàpá. Ọ̀kan wà nílé wa ní Ìkirè tí bàbá mi fi sílẹ̀, kò tíì jẹrà. Kábúrétọ̀ ẹ̀ ló bàjẹ́. Níbo ni mo ti lè rí i rà?

Káyọ̀dé Ṣágámù: Ọjà Ládípọ̀, l'Ékòó. Ẹ mú ti àtijọ́ yẹn dání, kí wọ́n wò ó kí wọ́n tó wá a fún yín. Ọdún wo ni mọ́tò ọ̀hún?

Lékan Òde: Ládípọ̀ ò ní ojúlówó mọ́. Ẹ lọ sí Gate, n'Íbàdàn.

Káyọ̀dé Ṣágámù: Gate kẹ̀?