Ipò Tí Kì Í Hàn Nínú Ìwé Èsì

Bí sáà ẹ̀kọ́ bá parí ní Èkìtì, ohun tí òbí kọ́kọ́ máa ń bi ọmọ ni pé, "Ipò kelòó lo ṣe?" A kò bá òbí kankan jà lórí ìyẹn, nítorí ìwé ni wọ́n fi mọ Èkìtì. Àmọ́ ọmọ tún ní ipò mìíràn láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀, èyí tí olùkọ́ kì í kọ sínú ìwé èsì, tó sì lè sọ ilé ìwé di ọgbà ẹ̀wọ̀n mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọ̀kan nínú wa rí ọmọbìnrin kan lábẹ́ igi máńgòrò ní ilé ìwé girama kan ní Adó-Èkìtì, tó ń jẹ ẹ̀pà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kó má baà tán kí agogo tó lù, nítorí bí ó bá tán, gbogbo ojú ni yóò rí i pé kò lẹ́ni tí yóò bá sọ̀rọ̀. Ẹni a kò fẹ́ nílùú kì í dárin. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nawọ́ láti dáhùn ìbéèrè, wọ́n pòṣé. Ó délé, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú WhatsApp kíláàsì.

Ní 1982, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Coie, Dodge àti Coppotelli, ní kí àwọn ọmọ ilé ìwé dárúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jù àti ẹni tí wọn kò fẹ́ràn. Wọ́n rí ọmọ tí ọ̀pọ̀ kọ̀, wọ́n sì rí èyí tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dárúkọ rárá. Ẹ̀rù irú kejì yìí ló ń bà wá jù, torí kì í pariwo, kì í jà, olùkọ́ á sì máa pè é lọ́mọ jẹ́jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọmọ 7 tó wà láàrin ọdún 10 sí 19, ọ̀kan ní ìṣòro ìlera ọpọlọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ nìkan ló ń fà á, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò rí ẹni fẹ̀yìn tì láàrin ojúgbà rẹ̀ ni ìbànújẹ́ tètè ń wọ̀ lára.

Nítorí náà, a fẹ́ kí ìjọba Èkìtì fi olùdámọ̀ràn tó kọ́ṣẹ́ náà sí gbogbo ilé ìwé girama ìjọba ní ìjọba ìbílẹ̀ 16 tí a ní, kí wọ́n fún un ní yàrá tó ní ilẹ̀kùn, kí wọ́n má sì sọ ọ́ di olùkọ́ ìṣirò nígbà tí olùkọ́ bá wọ́n. Owó nìyẹn yóò gbà, a mọ̀. Èyí tí kò gba kọ́bọ̀ ni kí olùkọ́ yéé ka orúkọ ẹni tó gbẹ̀yìn sókè níwájú gbogbo ilé ìwé, kí ó sì máa fúnra rẹ̀ pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ fún iṣẹ́ àti eré, dípò kí ó ní kí wọ́n mú ẹni tó wù wọ́n, tí ọmọ kan náà á wá ṣẹ́kù sí àárín pápá nígbà gbogbo. Ìyẹn lè bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀.