Emulator Kì Í Ṣe Irinṣẹ́ Olè

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jà ràn-ìn láàárín àwa Yorùbá tó wà ní Abuja yìí, ó sì ń dùn mí: wọ́n ní ọmọ tó bá gbé emulator sórí laptop, iṣẹ́ olè ló ń kọ́. Wọ́n ń sọ ọ́ ní Kubwa, wọ́n ń sọ ọ́ ní Nyanya, àwọn kan tó ń tún fóònù ṣe ní Wuse pàápàá ń sọ ọ́. Òbí mìíràn á gba laptop lọ́wọ́ ọmọ nítorí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ emulator ni pé kí ẹ̀rọ kan máa hùwà bí ẹ̀rọ mìíràn, débi pé ètò tí wọ́n kọ fún ẹ̀rọ tọ̀hún á máa ṣiṣẹ́ lórí èyí láìmọ̀ pé ilé onílé lòun wà. Télọ̀ tó wo agbádá tí ẹlòmíràn rán, tó ra aṣọ tirẹ̀, tó gé e, tó rán an títí tó fi jọ èyí tó wò, kò jí agbádá ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ká agbádá lórí okùn ni olè.

Àwọn tó sì sọ ọ́ ní emulator kì í ṣe ọmọ ìta. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM ní Amẹ́ríkà ni. Ní 1959, IBM gbé kọ̀ǹpútà 1401 jáde, wọ́n sì ṣe é ju 10,000 lọ. Àwọn oníbàárà ti kọ ètò owó oṣù, ètò ìṣirò àti ti ọjà sórí rẹ̀. Ní December 1963, iléeṣẹ́ mìíràn, Honeywell, gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ jáde, H-200, pẹ̀lú ètò kan tí wọ́n pè ní Liberator, tó ń yí ètò 1401 padà kó lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ wọn. Ọkàn àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ìnira gidi lèyí jẹ́ fún IBM, torí pé System/360, ọ̀wọ́ kọ̀ǹpútà tuntun tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, kò gbọ́ èdè 1401. Oníbàárà tó bá máa tún gbogbo ètò rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ló máa dá a dúró tí kò fi ní kọjá sọ́dọ̀ Honeywell? Nígbà tí IBM kéde System/360 ní 7 April 1964, wọ́n ti kọ́ àwọn kan nínú rẹ̀ láti máa ṣe bí 1401. Iṣẹ́ tí oníbàárà ti ṣe sílẹ̀ kò ṣòfò. Ìdíje ló bí i, kò sí olè níbẹ̀.

Lónìí, ọ̀fẹ́ ni Google ń fún àwọn tó ń kọ áàpù ní emulator Android. Ọmọ Kubwa tí kò lówó láti ra fóònù mẹ́rin, márùn-ún, á fi dán áàpù rẹ̀ wò lórí fóònù ńlá àti kékeré. Bó bá tàn án, fáànù laptop á máa hó, ó máa ń pẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwòrán fóònù odidi á yọ lójú laptop. Ẹ ṣí máàpù inú rẹ̀: á ní ẹ wà ní Mountain View, ní California, níbi tí olú iléeṣẹ́ Google wà.

Ibí ni àyà àwọn òbí ti máa ń já. Ọmọ wà ní Kubwa, fóònù ní Amẹ́ríkà lòun wà, wọ́n á ní Yahoo ti wọlé. Àmọ́ fóònù inú laptop kò ní ohun tó fi ń gbọ́ láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, àwọn tó ṣe é ló fi ibì kan síbẹ̀ kó má baà ṣófo. Ẹ lè lọ síbi settings rẹ̀, kí ẹ gbé e wá sí Bwari tàbí Ìlọrin, kí ẹni tó ń kọ áàpù ọkọ̀ lè mọ̀ bóyá áàpù náà ń júwe ọ̀nà dáadáa. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀, 1 555 521 5554, kò lè pe ẹnikẹ́ni ní Lọ́kọ́jà.

Kóòtù náà ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Sony, tó ni ẹ̀rọ géèmù PlayStation, pe iléeṣẹ́ Connectix lẹ́jọ́ nítorí emulator rẹ̀ tó ń jẹ́ kí géèmù PlayStation ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà Apple. Lóòótọ́, Connectix da ètò inú PlayStation kọ nígbà tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ kò sí ọ̀kankan nínú rẹ̀ nínú ohun tí wọ́n tà. Ní 2000, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní Amẹ́ríkà gbè wọ́n lẹ́yìn.

Ibi tí olè ti lè wọlé ni géèmù fúnra rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022 ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ tó ní olówó, ẹni tó bá sì wa géèmù tí kò rà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wọ gàù, emulator wà níbẹ̀ o, kò sí níbẹ̀ o. Nígbà tí Nintendo, tó ni ẹ̀rọ géèmù Switch, pe àwọn tó ṣe Yuzu, emulator Switch, lẹ́jọ́ ní 2024, ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ ni pé ètò náà ń ṣí àgádágodo tí wọ́n fi ti géèmù Switch. Wọ́n yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn, àwọn Yuzu sì gbà láti san mílíọ̀nù 2.4 dọ́là.

Torí náà, bí ẹ bá bá emulator lórí laptop ọmọ yín, ẹ bi í léèrè ibi tó ti rí ohun tó ń ṣí nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ áàpù tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni, ẹ jókòó tì í, kó fi hàn yín. Lórí laptop tí RAM rẹ̀, ìyẹn àyè tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, jẹ́ 4GB, nǹkan yìí á máa dákú ni. Bí agbára bá wà, ẹ bá a fi kún un.