Ṣé Omi Tútù Ni Mo Wá Kọ́ Rírà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi ọ̀gá mi léèrè: ṣé bí wọ́n ṣe ń ra omi tútù ni mo wá kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni, àbí bí wọ́n ṣe ń fi rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń lẹ̀ bo ara mọ́tò, èyí tí wọ́n ń pè ní wrapping? Oṣù kẹrin rèé tí mo ti ka ₦150,000 lé e lọ́wọ́. Inú èsúsú àǹtí mi ni mo ti yá owó náà, wọ́n sì ń bi mí lọ́ọ̀sẹ̀ẹ̀sẹ̀ pé iṣẹ́ ńkọ́. Kí ni kí n sọ? Kí n ní mo ti mọ gbogbo àwọn tó ń ta pure water ní Mushin?

Ohun tí mo mọ̀ délẹ̀ ni mọ́tò fífọ̀. Mo mọ̀ pé fífọ̀ wà lára iṣẹ́ o, n kò bá a jà sí ìyẹn. Bí òróró tàbí wax tí wọ́n fi ń dán mọ́tò bá kù sára ọ̀dà, ibẹ̀ ni rọ́bà yóò ti kọ́kọ́ ṣí. Nítorí náà mo ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo ń fi amọ̀ rírọ̀ fa ìdọ̀tí kúrò, mo ń fi sípírítì nù ún, mo ń ti èékánná bọ etí ilẹ̀kùn. Nígbà ọyẹ́, kí n tó nù ún dé ẹ̀yìn, eruku ti bo iwájú, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó dáa. Àmọ́ oṣù mẹ́rin? Àwọn tó ń fọ mọ́tò létí títì, ta ni wọ́n san owó ìkọ́ṣẹ́ fún?

Ẹ wo bó ṣe máa ń ṣe é. A ó tú rọ́bà nínú róòlù, ẹsẹ̀ bàtà 5 ni ìbú rẹ̀, a ó tẹ́ ẹ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Èmi á di etí kan mú, òun á di èkejì. Níbi tó bá tẹ́jú, á ní kí n máa fi ike pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́ láti àárín bọ̀ wá sí etí, kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe ìyẹn. Ó wá ku igun. Ó ku ibi tí bọ́ńpà ti kó wọnú nídìí iná ìsàlẹ̀, níbi tí iṣẹ́ gan-an wà. Ibẹ̀ ni ọ̀gá á ti mú híìtì gọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru sí rọ́bà kó lè rọ̀, á kọ ẹ̀yìn sí mi bí ẹni tó fẹ́ ka owó, á wá ní, “Lọ ra omi tútù wá.” Kí n tó dé, igun ti parí.

Lọ́jọ́ kan mo sáré. Mo sáré débi pé ọmọ tó ń ta omi rò pé wọ́n ń lé mi bọ̀. Mo padà dé, ó ṣì ń bò ó lọ́wọ́. Ó wò mí, ó fọwọ́ kan omi náà, ó ní, “Èyí ò tutù tó. Lọ pààrọ̀ ẹ̀.”

Oṣù tó kọjá ló lọ síbi ìsìnkú àna rẹ̀, ló bá fi bọ́ńpà Corolla kan sílẹ̀ fún mi. Mo fi híìtì gọ́ọ̀nù rọ rọ́bà náà díẹ̀, mo fà á wọnú kòtò, ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Mo tiẹ̀ ya fọ́tò fi ránṣẹ́ sí àǹtí mi. Kò tó ọjọ́ kẹta tí oníbàárà gbé mọ́tò rẹ̀ padà. Oòrùn ti pa á, rọ́bà ti dìde kúrò nínú kòtò, ó wá na tàǹtàn sójú ihò bí awọ gángan. Mo fi ìka lù ú, ó dún! Ọ̀gá sọ níwájú oníbàárà pé, “Ọwọ́ ọmọ yìí ni ò dáa.” Ó ní èmi ni n ó san owó rọ́bà.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo jókòó ti fóònù, tí YouTube wá kọ́ mi ní ohun tí ₦150,000 ò kọ́ mi. Àṣé rọ́bà yìí kì í gbàgbé. Bí o bá fà á, ó ń wá bí yóò ṣe padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí o bá lẹ̀ ẹ́ tán, o gbọ́dọ̀ padà fi híìtì gọ́ọ̀nù fẹ́ ooru sí gbogbo ibi tó fà, kí ooru ibẹ̀ kọjá 90 lórí ìwọ̀n Celsius, kí ó tó gbà láti jókòó. Ẹ̀rọ kan sì wà tí wọ́n fi ń wo ooru náà. Ọ̀gá ní in! Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Èmi rò pé èyí tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí nígbà Kòrónà ni.

Kò tán síbẹ̀. Oríṣi rọ́bà wà. Ọ̀kan, wọ́n dà á ní olómi bí ẹni da ẹ̀kọ, wọ́n sì fi ooru gbẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó fà á nígbà tí wọ́n ń ṣe é, nítorí náà kì í fẹ́ sá lọ síbì kankan. Èkejì, irin gbígbóná tó ń yí ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ bí ìyẹ̀fun chin-chin, ó sì máa ń fẹ́ súnkì. Ìyẹn dára fún sáìnbọ́ọ̀dù àti ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì tó tẹ́jú. Òun ni ọ̀gá gbé fún mi pé kí n fi bo bọ́ńpà oníkòtò, tó sì gba owó èyí tó wọ́n lọ́wọ́ oníbàárà. “Èyí tó nípọn ló lágbára,” bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Irọ́! Èyí tó dáa ló fẹ́lẹ́ jù. Wọ́n wá ní ọwọ́ mi ni ò dáa.

Mo bi í léèrè ní ìtùnbí-ìnùbí pé kí ló dé tí wọn ò kọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní tí òun bá kọ́ mi tán, màá lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù síwájú òun. Ọ̀gá mi, kí lẹ rò pé mo torí ẹ̀ sanwó?

Oṣù méjì ló kù kí n gba fíríídọ̀mù. Hilux alhaji kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kòtò ara bọ́ńpà rẹ̀ ju ti ọ̀nà abúlé lọ. Mo ti sanwó báàgì pure water kan sílẹ̀ pẹ̀lú yìnyín, abẹ́ bẹ́ǹṣì ló máa wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀gá. Kí n wá wo ibi tó tún fẹ́ rán mi lọ.