Ẹ má gbọ́n omi adágún ẹja yín gbẹ mọ́

Bí ẹ bá ní adágún omi kékeré lẹ́yìnkùlé, tí ẹ gbin òṣíbàtà sí i, tí ẹ sì da ẹja mélòó kan sínú rẹ̀, ẹ ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí: "Omi yẹn ti ń ṣe àwọ̀ ewé o. Ẹ gbọ́n ọn dànù, ẹ fi ọṣẹ fọ inú rẹ̀ dáadáa, kí ẹ rọ omi tuntun sí i." Ẹni tó ta ẹja fún yín á sọ ọ́. Ẹni tó ń bá yín ro ọgbà á sọ ọ́. Màmá yín náà á sọ ọ́, nítorí wọn ò fẹ́ kí omi dúró sójú kan nínú ilé. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọdún méjì gbáko, ó sì pa ẹja mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀ẹ̀kejì ló dùn mí jù. Ìgbà ọyẹ́ ni, lọ́jọ́ Sátidé kan, ní ẹ̀yìnkùlé wa n'Íbàdàn. Èmi àti àbúrò mi kó ẹja mọ́kànlá sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, a gbọ́n omi náà tán pátápátá, a fi búrọ́ọ̀ṣì ha ara ògiri rẹ̀ títí sìmẹ́ńtì fi funfun, a fi ọṣẹ ìfọṣọ àti bílíìṣì fọ̀ ọ́, a ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹrin, a wá rọ omi ẹ̀rọ kún un. Nígbà tí a ṣe tán, èèyàn lè ka òkúta wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn àlejò tó wá lọ́jọ́ Àìkú yìn wá. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, goldfish àkọ́kọ́ (ẹja ọ̀ṣọ́ ni gbogbo wọn) ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lójú omi. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mẹ́sàn-án ti kú, ó ku méjì. Omi náà sì mọ́ gaara ní gbogbo àsìkò yẹn. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn, pé mo ń wo omi tó mọ́ tó báyìí, ẹja ń kú sínú rẹ̀.

Ohun tó pa wọ́n kò ní àwọ̀. Ẹja kì í dúró dìgbà tó bá yàgbẹ́ kó tó ba omi jẹ́. Ẹ̀yà pupa tó fi ń mí, èyí tó wà lábẹ́ ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń tú amóníà sínú omi tọ̀sán-tòru. Oúnjẹ tí ẹja kò jẹ tán náà ń jẹrà, amóníà ló ń dà. Oró ni amóníà jẹ́ fún ẹja. Nínú adágún tó ti pẹ́ nílẹ̀, kì í pọ̀ débi tí yóò pa wọ́n, nítorí àwọn bakitéríà kan wà tí oúnjẹ wọn nìyẹn. Ọ̀wọ́ kan ń sọ amóníà di nitrite, tí òun náà ṣì jẹ́ oró. Ọ̀wọ́ kejì ń sọ nitrite di nitrate, èyí tí ẹja lè fara dà, tí òṣíbàtà àti ojú oró sì ń fà mu bí ajílẹ̀. Sergei Winogradsky, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Rọ́ṣíà, ló ya irú àwọn bakitéríà yìí sọ́tọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1890, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná.

Ibo wá ni wọ́n ń gbé? Díẹ̀ ni wọ́n nínú omi fúnra rẹ̀. Ara ògiri, ara òkúta, ara gbòǹgbò ewé àti inú fóòmù asẹ́, èyí tí pọ́ǹpù ń gba omi kọjá nínú rẹ̀ láti sẹ́ ẹ, ni wọ́n lẹ̀ mọ́. Ẹ mọ ohun tó máa ń yọ̀ bọ̀lọ̀ tí ẹ bá fọwọ́ kan ògiri adágún? Ilé wọn nìyẹn. Ohun tí a ń pè ní ìdọ̀tí, tí èmi àti àbúrò mi fi wákàtí mẹ́rin ha kúrò, ni òṣìṣẹ́ tó ń bá wa fọ omi látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí a bá sì lé wọn lọ, ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó tún pọ̀ tó. Ẹja ò ní dáwọ́ mímí dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lọ́jọ́ yẹn gan-an tí ẹ dá wọn padà sínú omi tuntun ni amóníà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gorí ara wọn, kò sì sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́.

Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀ tó yẹ kí oníadágún oní-sìmẹ́ńtì mọ̀. Agbára oró amóníà ń tẹ̀ lé pH omi, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bóyá omi kan bí ọsàn wẹ́wẹ́ (nọ́ńbà á kéré) tàbí ó dà bí omi eérú (nọ́ńbà á ga). Bí pH bá jẹ́ 7, èyí tó jẹ́ oró gidi nínú amóníà náà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá gòkè dé 9 nínú omi tó lọ́wọ́ọ́rọ́ bíi tiwa, ó ti lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Sìmẹ́ńtì tuntun máa ń gbé pH sókè gan-an. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń sin ẹja fi máa ń rẹ kòtò tuntun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí àwọn mìíràn ń gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, tí wọ́n á sì da omi yẹn nù kí ẹja tó wọ ibẹ̀. Dída omi nù yẹn tọ̀nà. Kò tíì sí ẹja níbẹ̀, kò sì sí bakitéríà tí a ń lé lọ.

Mo rò pé mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ṣẹ̀ wá. Àbúrò bàbá mi ń sin ẹja àrọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, wọ́n á ṣí páìpù ìsàlẹ̀ kòtò wọn, omi dúdú á tú jáde, wọ́n á rọ tuntun sí i, ẹja wọn á sì máa sanra. Ẹni tó bá rí wọn á ní bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń tọ́jú omi ẹja. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye ẹja tó wà nínú kòtò yẹn. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni, wọ́n fún mọ́ra bí èrò inú dánfó, oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ lóòjọ́ sì pọ̀ débi pé bakitéríà ara ògiri kò lè ká amóníà wọn mọ́ láé. Pípààrọ̀ omi nìkan ló kù fún wọn. Lẹ́yìn náà, ẹja àrọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ goldfish. Ó ní ẹ̀yà kan nínú orí, tó yọ ẹ̀ka bí igi kékeré, tó fi ń mí afẹ́fẹ́ láti òkè omi. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń bá a láàyè nínú abọ́ l'ọ́jà pẹ̀lú omi ìkúnwọ́ kan. Omi tí ọ́síjìn ti tán nínú rẹ̀ ò ní kó ìpayà bá a. Ẹpìyà kò lè ṣe é, goldfish àti koi, ẹja ọ̀ṣọ́ mìíràn, kò lè ṣe é. Ohun tí àbúrò bàbá mi ń ṣe tọ̀nà fún iṣẹ́ wọn. Àwa tí a kó o wá sí adágún òdòdó la ṣì í.

Omi tuntun náà ní ọ̀ràn tirẹ̀. Chlorine tí wọ́n ń fi sínú omi ẹ̀rọ kí àìsàn má bàa mú wa, ohun náà gan-an ló ń jó ibi tí ẹja fi ń mí, tó sì ń pa bakitéríà tó kù. Bí ẹ bá jẹ́ kí omi bẹ́ẹ̀ wà nínú ohun tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, nínú oòrùn, fún ọjọ́ kan sí méjì, chlorine á fò lọ. Omi bóhòlù kò sábà ní chlorine, àmọ́ ọ́síjìn inú rẹ̀ kì í pọ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti abẹ́ ilẹ̀, òmíràn sì ní irin tó máa pọ́n bí ìpẹtà tó bá kan afẹ́fẹ́. Mo máa ń jẹ́ kó sun táńkì mọ́jú. Tí n bá ń rọ ọ́, mo máa ń gbé rọ́bà sókè kó lè ta sínú omi dáadáa.

Ẹ ó bi mí pé, ṣé kí a wá fi omi sílẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ ewé báyìí? Rárá o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó jẹ́ ná. Àwọn ewéko wínníwínní tí ojú kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan ni, àwọn tí wọ́n ń pè ní algae. Ajílẹ̀ àti oòrùn ni wọ́n ń wá. Omi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ sínú kòtò tí kò ní ewé lójú, tí oòrùn ń dà sí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí ẹja sì ń tú ìdọ̀tí sí, àsè gidi nìyẹn fún wọn. Ẹni tó gbọ́n omi lóṣù yìí á tún rí àwọ̀ ewé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, á tún gbọ́n ọn, á wá máa sọ pé adágún yọ èèyàn lẹ́nu. Gbígbọ́n yẹn ló ń pe àwọ̀ ewé padà.

Ewu wà nínú omi tó bá ki bí ọbẹ̀ ewédú, mi ò ní purọ́. Ní ọ̀sán, algae ń tú ọ́síjìn jáde. Tí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á padà, àwọn àti ẹja á jọ máa du èyí tó wà. Ìdájí ni ọ́síjìn máa ń kéré jù. Bí ẹ bá jí ní aago márùn-ún, tí ẹ rí i tí gbogbo ẹja yọ ẹnu sójú omi, ẹ má sáré fọ adágún. Ẹ tan pọ́ǹpù kí omi máa ta, tàbí kí ẹ máa fi igbá bù ú sókè kí ẹ máa dà á padà títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ìwòsàn rẹ̀ tó dúró ni òjìji. Àwọn àgbà máa ń fi í ṣàdúrà pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Lílékè yẹn gan-an ni iṣẹ́ wọn nínú adágún: ewé wọn dí oòrùn lọ́nà, gbòǹgbò wọn sì ń fa ajílẹ̀ tí algae ìbá jẹ. Ìdajì ojú omi sí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ewé bò, kí ìyókù wà ní ṣíṣí fún afẹ́fẹ́. Òṣíbàtà ń fẹ́ oòrùn kó tó yọ òdòdó, nítorí náà ẹ má gbé e sábẹ́ igi máńgòrò. Ojú oró ń bí sí i kíákíá. Ẹ máa yọ èyí tó lé ní ìwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ kó o sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀fọ́, ajílẹ̀ gidi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó èyí tó pọ̀ jù dà sínú odò. Ewéko olódòdó aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń pè ní water hyacinth, tí ilẹ̀ Amazon ni ìpilẹ̀ rẹ̀, dé ọ̀sà Badagry ní ọdún 1984, títí di òní olónìí ló ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi àti àwọ̀n apẹja. Ẹwà rẹ̀ ló tan àwọn èèyàn tó kọ́kọ́ ń gbé e káàkiri ayé. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí òdòdó rẹ̀ dára tó.

Ní ti ìtọ́jú gan-an, kò le. Lọ́sẹ̀, mo máa ń fi rọ́bà fa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀, ibi tí ewé jíjẹrà àti ìgbẹ́ ẹja dọ̀tí sí, omi tó bá a jáde kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, mo sì ń fi omi tó ti sùn dí i. Omi tí mo fà jáde ni mo fi ń bomi rin ata. Ewé tó bá já sójú omi, mo ń fi àwọ̀n kó o kó tó rì. Fóòmù asẹ́ ni èèyàn máa ń ṣì jù: ẹ má gbé e lọ sábẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ bu omi adágún sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fún un nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, kí ẹ dá a padà kó tó gbẹ. Á ṣì dọ̀tí díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ní ti oúnjẹ, èyí tí ẹja lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ló tó. Ọ̀pọ̀ adágún tó ń rùn, oúnjẹ àjẹṣẹ́kù ló ń rùn níbẹ̀.

Ẹ̀fọn ńkọ́? Màmá mi ò gbà mí láyè lórí èyí fún ọjọ́ pípẹ́. Tanwíji kì í pẹ́ nínú omi tí ẹja wà, ẹja á ti jẹ ẹ́. Kànga àtijọ́, táyà ìdọ̀tí àti korobá tí òjò rọ̀ sí ni kí a máa yẹ̀ wò.

Àsìkò wà tí gbígbọ́n omi di dandan: bí ògiri bá sán, bí epo tàbí ọ̀dà bá dà sínú rẹ̀, tàbí bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọdún púpọ̀ bá ti nípọn tó fi ń rùn. Bí kì í bá ṣe oró ló dà sí i, ẹ tọ́jú ìdajì omi àtijọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù, inú rẹ̀ ni kí ẹja dúró sí. Ẹ fi fóòmù àti òkúta sínú omi kan náà kí wọ́n má gbẹ. Ẹ má fi ọṣẹ kan ògiri, ẹ má ha á funfun. Ẹ wá dá omi àtijọ́ padà kí ẹ tó fi tuntun kún un, kí ẹ sì dín oúnjẹ kù gan-an fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ó ti pé ọdún mẹ́rin báyìí tí a gbọ́n tiwa kẹ́yìn. Ara ògiri rẹ̀ ń yọ̀, ó sì ní àwọ̀ bíi ti ewé tútù. Omi rẹ̀ kò dán bíi dígí, ó rí bí omi tíì tó fúyẹ́, àmọ́ mo ń rí ìsàlẹ̀. Àwọn ẹja méjì tó ṣẹ́kù lọ́jọ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n yé ẹyin sára gbòǹgbò ojú oró nígbà òjò tó kọjá, mo sì ka ọmọ wọn mẹ́rìnlá láàárọ̀ yìí.