Kì í ṣe gbogbo “like” àti “as” ni simile

Ẹ bi ọmọ ilé-ìwé girama èyíkéyìí láti Mọ̀rẹ̀ dé Lágere ní Ilé-Ifẹ̀ ní ohun tí simile jẹ́ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èsì kan náà lẹ máa gbọ́: “Tí a bá ti rí ‘like’ tàbí ‘as’, simile ni. Tí a ò bá rí i, metaphor ni.” Àwọn òbí gbà á bẹ́ẹ̀, àwọn olùkọ́ kan náà gbà á bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì ń dùn wá pé ọmọ tó mọ̀wé ń tìtorí rẹ̀ pàdánù máàkì nínú ìbéèrè àyọkà.

Ibi tó ti wá kò ṣòro mọ̀. Nígbà tí ọmọ ṣì kéré, “as brave as a lion” àti “swims like a fish” ni wọ́n fi kọ́ ọ. “Like” àti “as” wà nínú gbogbo àpẹẹrẹ, ọmọ sì di ọ̀rọ̀ méjèèjì mú gẹ́gẹ́ bí àmì. Kò sẹ́ni tó kọ gbólóhùn tí “as” wà nínú rẹ̀ tí kì í sì í ṣe simile sójú pátákó fún un.

Àfiwé tààrà ni àwọn olùkọ́ Yorùbá ń pe simile. Ohun méjì tí kì í ṣe irú kan náà la fi wéra, torí ìwà kan tó pa wọ́n pọ̀. Irú ọ̀tọ̀ yẹn ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. “Tola is as tall as her mother”: ènìyàn la fi wé ènìyàn. Ẹ lè mú téèpù wọn àwọn méjèèjì, kí ẹ sì mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ìròyìn lásán ni, kò sí ọnà èdè kankan níbẹ̀. “Tola is as tall as a coconut tree”: a ti fi ènìyàn wé igi àgbọn. Simile dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọ̀pá Ọ̀rańmíyàn. Ẹni tó bá kọ pé “The staff is made of granite, like many old carvings in Ife” fi òkúta wé òkúta. Ẹni tó bá kọ pé “The staff stands like an old soldier” ló ṣe simile.

Yorùbá tí ọmọ ń sọ nílé gan-an lè là á lójú. Kò sí Yorùbá tó máa gbọ́ “Bí mo ṣe dé Lágere” kó ní àfiwé ni. Kí ló wá dé tí “As I got to Lagere” fi di simile? Àkókò ni “as” yẹn ń sọ. “As it was market day” ń sọ ìdí: torí pé ọjọ́ ọjà ni. “She works as a nurse” ń sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. “I like pounded yam” ni mo fẹ́ràn iyán. “Towns like Ilesa” wulẹ̀ ń dárúkọ àpẹẹrẹ ni, “as soon as” tó túmọ̀ sí “ní kété tí” àti “as well as” tó túmọ̀ sí “àti” kò sì fi ohunkóhun wé ohunkóhun. Nítorí náà, òbí tí kò ka ìwé púpọ̀ lè ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ níbí: kó ní kó túmọ̀ gbólóhùn náà sí Yorùbá ná. Bí ìtumọ̀ bá gbé “nígbà tí”, “torí pé” tàbí “fẹ́ràn” jáde, kì í ṣe simile. Bó bá gbé “bí” tó ń fi nǹkan wéra jáde, kó wá bi í bóyá irú kan náà ni ohun méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò lórí gbólóhùn kan:

“As harmattan settled on Ilesa, the old lorry, like a man with asthma, coughed as it climbed the hill, and the passengers, as tired as their driver, liked nothing better than sleep.”

Ọmọ tó ń ṣọdẹ “like” àti “as” máa fa ìlà sábẹ́ ibi márùn-ún. Simile kan péré ló wà níbẹ̀. “As harmattan settled” àti “as it climbed” ń sọ àkókò. “As tired as their driver” fi ènìyàn tó rẹ̀ wé ènìyàn tó rẹ̀. “Liked” ni fẹ́ràn. “Like a man with asthma” nìkan ló fi ọkọ̀ wé ènìyàn. Ẹ tún wo “coughed”: ọkọ̀ kì í wúkọ́. Ìfohunpènìyàn nìyẹn, personification, kò sì sí “like” kankan lára rẹ̀. Ọmọ tí ojú rẹ̀ wà lára “as” nìkan máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìrí i.

Apá kejì òfin yẹn náà ti wó. “Kunle is a tailor” kò ní “like”, kò sì ní “as”, ṣé metaphor ni? Bí Kúnlé bá ń ránṣọ, òótọ́ pọ́nńbélé ni. “Kunle is the tailor who mends every quarrel in the compound” ni metaphor, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, torí a kì í fi abẹ́rẹ́ rán ìjà. Èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ metaphor ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni gbígbé nǹkan láti ibì kan lọ síbòmíràn: a gbé iṣẹ́ télọ̀ kúrò lára aṣọ, a gbé e sórí ìjà. Àmọ́ “The palace has spoken” kì í ṣe metaphor. Metonymy ni, torí ohun tó sún mọ́ ọba la fi pè é, bí a ṣe fi gbólóhùn tí àwọn aláṣọ Ìjẹ̀ṣà fi ń sin gbèsè, Òṣómàáló, pe àwọn fúnra wọn.

Ọnà èdè méjì tún lè wà nínú gbólóhùn kan. “This bag is as heavy as an elephant” jẹ́ simile, ó sì tún jẹ́ àsọdùn, hyperbole. Bí ìbéèrè bá ní ẹyọ kan, simile ni kí ọmọ kọ, torí ohun méjì tí a fi wéra hàn gbangba.

Bí wọ́n bá ní kó ṣàlàyé, kó má kàn kọ “because of ‘like’”. Kó dárúkọ ohun méjèèjì, kó sì dárúkọ ìwà tó pa wọ́n pọ̀: “The lorry is compared to a man with asthma because both struggle noisily on a climb.” Kó ka sípẹ́lì rẹ̀ wò kó tó fi ìwé sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé “i” àkọ́kọ́. S-i-m-i-l-e ni, sí-mi-lì la sì ń pè é. “Smile” ni ẹ̀rín músẹ́.