Pọ́n-ùn 13 ní búkà àwọn ará Màlésíà

Àrẹ̀mú N16: Ẹ̀yin ará, mo jẹun yó lánàá. Búkà àwọn ará Màlésíà kan ni, ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, tábìlì mẹ́fà péré. Ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí lẹ máa jókòó tì, ìgbọ̀nwọ́ yín á sì máa gbún tirẹ̀. Mo jẹ nasi lemak, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n fi omi àgbọn rírin sè, pẹ̀lú ata, ẹyin, ẹ̀pà, kùkúńbà àti ẹja wẹ́wẹ́ dídín tó ń ró kànràn-kànràn lẹ́nu. Mo fi roti canai kan lé e, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn nìyẹn, mo mu teh tarik kan, ìyẹn tíì onímílíìkì. Gbogbo ẹ̀, pọ́n-ùn 13 àti díẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé oúnjẹ tiwa kan gba 24 lọ́wọ́ mi lórí iyán àti ẹran ewúrẹ́ mẹ́ta tó jẹ́ kìkì egungun, ẹni tó gbé e wá ò tiẹ̀ kí mi. Èmi ti kó lọ sí Màlésíà o.

Ìyá Alásè Peckham: Àrẹ̀mú, o ṣé o. Jẹ́ n bi ọ́: kí ló wà nínú roti? Ìyẹ̀fun, omi, iyọ̀, òróró. Ọbẹ̀ tó o fi jẹ ẹ́ ńkọ́? Ẹ̀wà wẹ́wẹ́ àwọn ará Íńdíà. Èmi máa ra páálí iṣu, mo máa là á, ìdajì ti rà. Ẹni tó ń gún un, wákàtí-wákàtí ni mo ń sanwó fún un. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó àkàrà díwọ̀n asun, kó máa jẹ àkàrà lọ.

Àrẹ̀mú N16: Mummy, ẹ má bínú, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti rí ẹni tó ń ṣe roti yẹn rí? Mo dúró wò ó títí tíì mi fi tutù. Ó fi òróró pa ìyẹ̀fun pípò náà, ó là á mọ́ tábìlì, ó gbé e, ó jù ú, ó tún là á mọ́lẹ̀, títí ìyẹ̀fun náà fi fẹ́lẹ́ tí mo ń rí ọwọ́ alásè náà láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ṣẹ́ ẹ po, ó dín in lórí irin gbígbóná, ló bá fi àtẹ́wọ́ méjèèjì gbá a pàá, gbogbo ìpele rẹ̀ sì tú. Iṣẹ́ ọwọ́ lèyí náà o.

Akẹ́kọ̀ọ́ Selangor Tẹ́lẹ̀: Ẹ gbà mí láyè. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kàwé lọ́hùn-ún, ní Selangor, ìpínlẹ̀ kan ní Màlésíà, 2012 sí 2016. Ohun tí ẹ̀gbọ́n Àrẹ̀mú ń pè ní pọ́ọ́kú yìí, ọ̀wọ́n ni! Nasi lemak tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé, ríńgìtì 2, owó tiwọn, ni mo ń rà á lẹ́bàá ọ̀nà kí n tó wọ kíláàsì, kò sì tó ìdajì pọ́n-ùn. Ó kéré ṣá, méjì ni mo máa ń jẹ. Lálẹ́, ó di búkà tí wọ́n ń pè ní mamak. Àwọn Mùsùlùmí tó jẹ́ ọmọ Tamil, tí orírun wọn jẹ́ Íńdíà, ló ń ṣe é, ọ̀pọ̀ wọn kì í tilẹ̀kùn tọ̀sán-tòru: àga rọ́bà níta gbangba, fáànù, bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n Mummy jàre níbì kan. Ẹran ló ń gbówó. Nasi lemak gan-an kò ní ẹran, bẹ́ ẹ bá fẹ́ adìyẹ, owó rẹ̀ ọ̀tọ̀.

Ìyá Alásè Peckham: Ẹ gbọ́ o! Ọmọ tó kàwé ló sọ ọ́ o, kì í ṣe èmi.

Alhaji Ọ̀ṣòdì: Ṣé ẹran wọn jẹ́ halal? Ṣebí ìlú Mùsùlùmí ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Selangor Tẹ́lẹ̀: Alhaji, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n. Ti mamak kò níyọnu. Ṣùgbọ́n àwọn ará Màlésíà tó jẹ́ ọmọ Ṣáínà pọ̀, wọ́n sì ní búkà tiwọn. Char kway teow gidi, ìyẹn núdù ìrẹsì dídín, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń dín in.

Alhaji Ọ̀ṣòdì: Subhanallah. Ọmọ mi ti jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì!

Délé Onígbòkègbodò: Kí lẹ tún ń sanwó fún wọn sí? Ọ̀pẹ tiwa ni wọ́n wá kó ní Nàìjíríà lẹ́yìn òmìnira, ni wọ́n fi lówó, ni wọ́n fi ń dín roti.

Akẹ́kọ̀ọ́ Selangor Tẹ́lẹ̀: Bọ̀dá Délé, ìtàn yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1848, wọ́n ti gbin ọ̀pẹ mẹ́rin, irú ti ilẹ̀ Áfíríkà, sí ọgbà Bogor ní Java, ní Indonéṣíà, ibẹ̀ ni irú ti Màlésíà ti wá. Oko ọ̀pẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n dá fún òwò ní Màlésíà, ní Tennamaram ní Selangor, 1917 ni, bàbá ẹlòmíì nínú wa ò tíì délé ayé. Ohun tí wọ́n wá mú lẹ́yìn òmìnira wa ni kòkòrò kékeré kan láti Kamẹrúùnù ní 1981, tó ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó ọ̀pẹ kiri kí ọ̀pẹ lè so. Kó tó dé, àwọn òṣìṣẹ́ ló ń fọwọ́ ṣe é.

Délé Onígbòkègbodò: Ṣebí Áfíríkà náà ni Kamẹrúùnù. Mo ṣì jàre.

Ìyá Alásè Peckham: Ẹ fi kòkòrò sílẹ̀. Tani máa bá mi sọ iye tí mo ń ra epo pupa?

Àrẹ̀mú N16: Mummy, ẹ jẹ́ ká lọ ní Sátidé, èmi ni mo máa sanwó. Ata wọn máa wù yín. Wọ́n ń fi nǹkan kan sí i, belacan, òórùn rẹ̀ dà bíi ti irú. Ẹni tó jókòó tì mí tiẹ̀ ń dímú.

Ìyá Alásè Peckham: Sátidé, mo ní òde tí mo máa sè fún. Tuesday. Bi wọ́n wò kí n tó wá o, edé kì í bá mi lára mu.

Akẹ́kọ̀ọ́ Selangor Tẹ́lẹ̀: Mummy, belacan yẹn, edé ni. Wọ́n fi iyọ̀ sí i, wọ́n jẹ́ kó kan, wọ́n gún un, wọ́n sá a.

Ìyá Alásè Peckham: Ṣé ẹ rí Àrẹ̀mú, ó fẹ́ pa mí. Roti ni mo máa jẹ, méjì.